Ìyá Onígò àti Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ Tó Wà Nísàlẹ̀ Omi

A bí Màmá wa, tí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí mọ̀ sí Ìyá Onígò, ní ọdún mọ́kànléláàádọ́rin sẹ́yìn, nínú ilé kan tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí odò. Atukọ̀ ni bàbá wọn; òun ló ń gbé àwọn ènìyàn sọdá kí afárá tó wà. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Láti ìhà bàbá àti ìhà ìyá, odò yìí kan náà ló bọ́ wọn dàgbà. Ìdílé wọn kò ní oyè, wọn kò sì ní ilẹ̀ tó lọ títí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé òun mọ odò náà jù wọ́n lọ.

Àwa ọmọ kò rò ó rí pé irú ìwé yìí ni a óò máa kọ lọ́dún yìí. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Màmá ṣì ń bá èmi àkọ́bí wọn jà lórí fóònù nítorí bàtà tí mo rà fún wọn tí wọ́n ní ó ń jẹ àwọn lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, wọn kò sí mọ́. Bí ẹ bá rí ibi tí ọ̀rọ̀ wa kò tò dáadáa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi jì wá. Ara wa kò tíì balẹ̀, kì í sì í ṣe ikú nìkan ló kó ìpayà bá wa. Ohun tí a bá nínú àpótí wọn lẹ́yìn ikú náà wà níbẹ̀. A óò dé orí ìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Màmá nígbà tí wọ́n wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àbúrò wọn obìnrin, tó wà láàárín wa lónìí, sọ pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti máa ń bu omi odò sínú ìgò, tí wọ́n á gbé e sójú fèrèsé, tí wọ́n á wá jókòó tì í títí yóò fi tòrò. Gbogbo fèrèsé ilé kún fún ìgò. Ìyá wọn á pariwo pé, "Ṣé ìgò ló bí ọ ni, àbí èmi?" Màmá á ní ìyá wọn ni, wọ́n á sì tún lọ bu òmíràn. Ní ọmọ ọdún méjìdínlógún wọ́n parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ yíyẹ omi wò, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí.

Ní ọmọ ọdún méjìlélógún wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi. Yàrá kan báyìí ni wọ́n fún wọn, fèrèsé rẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀rọ ìfọwọ́ kan, àga méjì, àti tábìlì gígùn kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju ìyókù lọ. Ní gbogbo àárọ̀ ni Màmá máa ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà bọ́ sí etí odò pẹ̀lú ìgò mẹ́fà nínú báàgì. Àwọn tó ń ta nǹkan lójú ọ̀nà ló sọ wọ́n ní Ìyá Onígò, nígbà tí wọn kò tíì bímọ kankan. Orúkọ náà wá lẹ̀ mọ́ wọn ju orúkọ àbísọ lọ.

Nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n fẹ́ Bàbá wa, káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn yàrá náà ṣe. Bàbá ṣe ilẹ̀kùn, wọ́n ṣe fèrèsé, wọ́n ṣe àga méjèèjì. Wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ wá ṣe ẹsẹ̀ tábìlì. Wọ́n padà wá lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni wọ́n gbé wá. Tábìlì náà ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí tábìlì yẹn ni gbogbo ìtàn yìí dúró lé. Bàbá wa fi wá sílẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Èmi ni àkọ́bí, mo jẹ́ olùkọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi, òun ń jó irin. Lẹ́yìn náà ni Àbíkẹ́yìn wa obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nísinsìnyí.

Ọdún tí wọ́n bí Àbíkẹ́yìn gan-an, tí Màmá jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógójì, ni ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì tó wà lẹ́yìn àwọn òkè bú gbàmù. Ọ̀sán ni. A gbọ́ ìró kan, a rò pé àwọn tó ń fọ́ òkúta ni. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ ń tò lọ lójú títì láti apá òkè, àwọn ènìyàn inú wọn kò sì wojú wa. Lọ́jọ́ kẹta, òjò rọ̀. Òjò yẹn ló kó gbogbo ohun tó ń fò kiri nínú atẹ́gùn sọ̀kalẹ̀ sórí igbó, sórí oko àti sórí òrùlé. Ìtànṣán olóró ni wọ́n ń pè é. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, bí ènìyàn bá sì tọ́ ọ wò, kò ní adùn. Mo rántí pé mo wo ọwọ́ mi lẹ́yìn òjò náà, mo yí i síwá sẹ́yìn, n kò rí nǹkan kan, èyí sì dẹ́rù bà mí ju bí mo bá rí nǹkan lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, omi odò fúnra rẹ̀ kò ṣeé mu. Wọ́n ti ẹ̀rọ omi, ọkọ̀ ń gbé omi wá láti ibòmíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà ìtànṣán inú omi bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó sì wálẹ̀ débi tí gbogbo ènìyàn fi mí kanlẹ̀. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ padà. Ìwé àṣẹ kan ti wá láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ lókè nígbà náà: kí wọ́n bu omi odò, kí wọ́n jẹ́ kó tòrò fún odidi ọjọ́ kan, kí wọ́n da ojú rẹ̀ gba inú bébà asẹ́, kí wọ́n wá gbé èyí tó mọ́ sábẹ́ mítà, ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán náà. Omi tó mọ́ ni ènìyàn ń mu, òun náà ni kí wọ́n wọ̀n. Kò sí ẹni tó rí àléébù kankan níbẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá kù nínú ìgò, wọ́n ń dà á nù ni. Bébà asẹ́ tí wọ́n ti lò, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń kó o sínú páálí lábẹ́ tábìlì, nítorí Màmá kì í ju nǹkan nù.

Ẹ̀yin tí ẹ pẹ́ níbí rántí àwọn táǹkì mẹ́rin tó wà nílé-iṣẹ́ omi, níbi tí omi odò ti máa ń dúró kí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lè rọ̀ sílẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n á há ìsàlẹ̀ wọn. Ẹrẹ̀ dúdú tó ń dán ni, ó rọ̀, ewébẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí wọ́n tó bí èmi ni àwọn òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò ti ń fi bárò kó o lọ sínú ọgbà wọn. Kò sí ẹni tó dẹ́kun lẹ́yìn jàǹbá náà, ṣebí wọ́n ní omi ti mọ́? Tòmátò ẹ̀yìnkùlé wa máa ń tóbi débi pé àwọn aládùúgbò á dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n á máa wò ó.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn jàǹbá, òjò ńlá rọ̀ lórí òkè. Odò pọ́n, ó kún fún ẹrẹ̀, àmọ́ nọ́ńbà omi tó mọ́ kò gbéra. Lọ́wọ́ kan náà, àwọn tó ń wọ̀n ilẹ̀ lórí òkè sọ pé ìtànṣán tó wà lórí ilẹ̀ ń dín kù. Awòmítà, ọkùnrin tí òun àti Màmá jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà, ní ìròyìn ayọ̀ ni. Màmá kò yọ̀. Wọ́n ní, "Bó bá ti kúrò lórí òkè, tí kò sì sí nínú omi, níbo ló wá jókòó sí?"

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá, tábìlì tún ń mì, mítà ń gbọ̀n lórí rẹ̀. Ọdún kẹrìndínlógún nìyí tí Bàbá wa ti ń bọ̀ wá tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ náà sú Màmá. Wọ́n fa bébà asẹ́ gbígbẹ mélòó kan yọ láti inú páálí, wọ́n ká a pọ̀, wọ́n kì í bọ abẹ́ mítà kó lè dúró dáadáa. Ni mítà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta tàràràrà. Kò sí ìgò kankan lábẹ́ rẹ̀. Awòmítà fò dìde, ó ní, "Mítà ti ya wèrè o! Ẹ jẹ́ n lọ pe àwọn tó ń tún un ṣe." Màmá yọ bébà náà, mítà dákẹ́. Wọ́n dá a padà, ó tún ké. Ìgbà méje ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Awòmítà sọ fún wa nígbà tó wá kí wa pé òun kò rí irú ojú tí Màmá ṣe lọ́jọ́ náà rí títí di òní, pé wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn kò jókòó sórí àga.

Bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nígbà tó yá nìyí, mo sì ń fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé mi títí dòní. Oríṣi méjì tó máa ń pẹ́ nílẹ̀ ló wà nínú ohun tó bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ òjò yẹn. Wọ́n ń pe ọ̀kan ní sitíróńtíọ̀mù. Ó máa ń yòrò bí iyọ̀, á sì bá omi lọ. Wọ́n ń pe èkejì ní sísíọ̀mù. Ìyẹn kì í fẹ́ràn omi, amọ̀ ló máa ń rọ̀ mọ́, bó bá sì ti rọ̀ mọ́ ọn, kì í fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Òjò á ṣí amọ̀ nípò lórí òkè, amọ̀ á ṣàn wọ odò, sísíọ̀mù á sì gùn ún bọ̀. Ibi tí amọ̀ bá ti rọ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ lòun náà sọ̀kalẹ̀ sí: ìsàlẹ̀ odò, etí odò tí omi máa ń kún bò, ìsàlẹ̀ táǹkì. Odidi ọdún mẹ́ta la fi ń wọ̀n omi tó ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, tí a sì ń yọ̀ pé kò gbé nǹkan kan. 

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, a dé láti ilé-ìwé, ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa kò sí mọ́. Wọ́n ti fa tòmátò tu, wọ́n ti fa kárọ́ọ̀tì tu, Màmá àti Awòmítà wọ bàtà òjò, wọ́n ń há ilẹ̀ sínú àpò. Àbúrò mi ọkùnrin bú sẹ́kún nítorí kárọ́ọ̀tì rẹ̀. Màmá ní, "Kòkòrò burúkú kan ló wọ inú ọgbà." Wọn kò wo ojú wa. Àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wò.

Nígbà tó yá, ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Màmá dúró sí ẹnu géètì ilé-iṣẹ́ omi, níbi tí bárò mẹ́sàn-án ti tò tí wọ́n ń dúró de ẹrẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ dákun, ẹ má kó o. Ohun tí a ń wá nínú omi láti ọjọ́ yìí, inú ẹrẹ̀ yìí ló wà." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà tó wà níwájú ní, "Ìyá Onígò, àbí ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ dá kó o ni?"  Màmá gbé mítà lé orí ẹrẹ̀ tí wọ́n ti bu sínú bárò rẹ̀. Nígbà tí mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Bíríkìlà da ẹrẹ̀ náà padà sílẹ̀. Bárò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán padà sílé lófìfo.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ apá yìí. Ilé-iṣẹ́ omi yí ìlànà padà, wọ́n ń wọ̀n omi, wọ́n sì ń wọ̀n gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀. Wọ́n há gbogbo ọgbà tó ti gba ẹrẹ̀ náà, wọ́n gbẹ́ kòtò tí wọ́n fi kọnkéré tẹ́ fún un. Wọ́n gbin koríko àti igi sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí ilẹ̀ má baà máa ṣàn mọ́. Ní ọdún tí igbó òkè jó, Màmá ló kìlọ̀ pé ewé àti èèpo igi tó jó náà ní sísíọ̀mù tirẹ̀ nínú, pé eérú á bá òjò àkọ́kọ́ wá. Wọ́n ti ẹnu omi pa fún ọjọ́ mẹ́rin, eérú náà sì wá bí Màmá ṣe sọ ọ́. Màmá lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé pẹ̀lú ìgò wọn. Wọ́n á mi ìgò náà, wọ́n á jẹ́ kó tòrò, wọ́n á ní, "Ẹ má wo èyí tó mọ́ lókè. Ẹ bá mi wo ìsàlẹ̀."

Lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu géètì, èmi tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá béèrè lọ́wọ́ wọn pé, "Màmá, ṣé ẹrẹ̀ tó wà nínú ọgbà tiwa náà ni?" Wọ́n ní, "Rárá o. Tiwa ti pẹ́, kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ la ti kó o." Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo wá di olùkọ́, tí mo ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n máa béèrè títí yóò fi yé wọn!

Nípa ti ìgbàgbọ́, Màmá kì í pa ilé ìsìn jẹ. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin fún ọdún mọ́kànlélógún, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé ohùn wọn dùn. Olùdarí orin fúnra rẹ̀ máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra. Àmọ́ àwọn ló ń fọ ife, àwọn ló ń gbálẹ̀, wọ́n sì máa ń pẹ́ lórí eékún ju ẹnikẹ́ni lọ. A máa ń fi í dá àpárá nílé pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni ìyá tó ń gbé ìgò kiri lè dá tí àdúrà rẹ̀ fi gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún kẹwàá lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu géètì, ìlú pè wọ́n láti fi àmì ẹ̀yẹ dá wọn lọ́lá. Gbọ̀ngàn kún. Alága sọ̀rọ̀ títí, ó wá ní, "Obìnrin tí kò fi ọjọ́ kan ṣòfò! Ọjọ́ tó mọ̀ gan-an ló sọ ọ́!" Màmá dìde, wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ náà sórí àga, wọ́n jáde. Ojú tì wá kọjá ohun tí ẹnu lè sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bá wọn yodì. Mo ní ìgbéraga ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn báyìí, ó ti pẹ́ jù.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún ọgọ́ta, ṣùgbọ́n ìgò kò fẹ̀yìn tì. Àwọn nǹkan méjì ni wọn kò dá dúró rí. Èkínní, lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń lọ kí Bíríkìlà àti ìyá aránṣọ tó wà ní òpópónà kejì, wọ́n á mú ọṣẹ dání fún wọn, wọ́n á sì bu erùpẹ̀ díẹ̀ nínú ọgbà wọn. A ní àtojúbọ̀ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èkejì, ní gbogbo ọjọ́ ìbí Àbíkẹ́yìn, wọ́n á mú un jókòó, wọ́n á ti ìka bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, wọ́n á rọra tẹ ọrùn rẹ̀ yí ká, wọn kò ní sọ nǹkan kan. Àwa á máa pariwo pé, "Màmá tún fẹ́ fún un lọ́rùn o!" Àbíkẹ́yìn á rẹ́rìn-ín títí. Títí tó fi pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni wọ́n ṣe é, kò yẹ̀ lọ́dún kan.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹwàá yìí, ọjọ́ Ajé, Màmá wẹ̀, wọ́n gbé omi tíì kaná, wọ́n fi ìgò sínú báàgì. Wọ́n ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí omi náà tó hó. Àbíkẹ́yìn, tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ wọn, sáré bá wọn, ó sì ṣe gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n ṣe. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáwọ́ dúró, pé kò sí ohun tó fi hàn pé jàǹbá ijọ́sí lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun tó yàtọ̀ sí ìyẹn. Kẹ́tùlù náà ṣì wà lórí sítóòfù bí wọ́n ṣe gbé e sí. Kò sí ẹni tó lè gbé e kúrò.

Lọ́jọ́ kejì la ṣí àpótí abẹ́ ibùsùn wọn láti wá aṣọ. Ìwé àkọsílẹ̀ la bá, ọ̀kan fún ọdún kan. Mo ṣí àkọ́kọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, n kò yí ọ̀rọ̀ kan padà.

"Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá. Mo wọ̀n ọgbà wa. 824. Àbíkẹ́yìn ti ń jẹ erùpẹ̀ ibẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rá. Ọwọ́ èmi ìyá rẹ̀ ni mo fi gbé e wálé. Mo sọ fún ọ̀gá nípa ẹrẹ̀ táǹkì, ó ní kí n dúró de ìdáhùn láti òkè."

"Ọjọ́ 17. Wọ́n há táǹkì kejì. Bíríkìlà kó bárò méjì. Ìyá aránṣọ kó ọ̀kan. Mo wà lójú fèrèsé. Mo dákẹ́."

"Ọjọ́ 24. Ọjọ́ kọkànlá rèé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á bi mí pé ta ló kọ́kọ́ kó o. Wọ́n á bi mí pé ta ló jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìdáhùn kò wá láti òkè. N kò lè dákẹ́ mọ́."

Ìwé náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Àbíkẹ́yìn dúró lẹ́yìn mi, ó ti kà á. Ó rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó fi kan ọrùn ara rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún! Ọgbọ̀n ọdún ni a fi ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ìyá wa ń wá kókó jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń wá ikú, lọ́rùn ọmọ wọn.

Èdèkòyédè wáyé láàárín wa, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Àbúrò mi ọkùnrin ní, "Ẹ jẹ́ ká sin Màmá pẹ̀lú iyì wọn. Ta ló bi wá?" Èmi náà fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àbíkẹ́yìn ló kọ̀. Ó ní, "Èmi ni mo jẹ erùpẹ̀ náà, àbí ẹ̀yin ni? Màmá dákẹ́ fún ọjọ́ mọ́kànlá, ìdákẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Màmá fúnra wọn. Ṣé àwa náà tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀? Ẹ kọ ọ́." Mo mú ìwé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Nítorí náà, Bàbá Bíríkìlà, Màmá aránṣọ, àti ẹnikẹ́ni tó bá kó ẹrẹ̀ lọ sílé láàárín ọjọ́ kẹrìnlá sí ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwa ọmọ Ìyá Onígò dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a bẹ̀ yín. Ìyá wa mọ̀, wọn kò sì tètè sọ. Nọ́ńbà ọgbà yín wà nínú gbogbo ìwé wọn, lọ́dọọdún, pẹ̀lú déètì. Ẹ wá gbà á lọ́wọ́ wa, tiyín ni.

Lára àwọn tí Màmá fi sílẹ̀ láyé ni àbúrò wọn obìnrin, àwa ọmọ mẹ́ta, ìyàwó kan, ọkọ méjì, àti ọmọ-ọmọ méje, tí méjì nínú wọn jẹ́ ti Àbíkẹ́yìn, tí ara wọn le koko. Awòmítà náà wà, ẹni tí a kò lè pè ní nǹkan mìíràn ju ẹ̀gbọ́n wa lọ.

Ohun kan ló kù. Nínú yàrá Màmá àtijọ́ ní ilé-iṣẹ́ omi, àpótí òjé kan wà, ìgò erùpẹ̀ kan sì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ "Ọgbà Wa" sí lára. Ní gbogbo ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ni wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n. Sísíọ̀mù máa ń run fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tí kò sí ẹni tó lè lé e ní eré. Bí ọgbọ̀n ọdún bá pé, ìdajì rẹ̀ á kù. Nínú ìwé tọdún yìí, Màmá ti fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà tí wọ́n ń retí, 412, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù tí wọ́n fi lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbẹ̀. Awòmítà fi ọ̀pá tilẹ̀ wá bá wa. Tábìlì náà ṣì ń mì. Páálí ni wọ́n kì bọ abẹ́ rẹ̀ báyìí. Àbúrò mi ọkùnrin bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ tábìlì náà pẹ́, ó ní òun á mú irin wá. Àbíkẹ́yìn gbé ìgò náà sábẹ́ mítà. A dúró. Nọ́ńbà dúró. 414. Àbíkẹ́yìn mú pẹ́ńsùlù, ó kọ ọ́ sí àyè tí Màmá fi sílẹ̀.

Ìyá Onígò, ìdajì ti lọ lójú ayé yín. Ìdajì tó kù ti di tiwa. Kí Ọlọ́run dárí ọjọ́ mọ́kànlá náà jì yín, kó sì ka ọgbọ̀n ọdún yòókù sí iyì fún yín. Ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá, ẹ óò bá wa níbẹ̀.

Àbíkẹ́yìn ní kí n fi ọ̀rọ̀ tòun parí rẹ̀: Màmá, mo ti fọwọ́ kàn án fúnra mi láàárọ̀ yìí, bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, yí ká. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sùn re o.